Ìwé Tí Ẹ̀rọ Kà, Iṣẹ́ Tí Èèyàn Yóò Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ẹni tí ìwé ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: akọ̀wé ọ́fíìsì, olùtọ́jú sítọ́ọ̀, akáǹtáńtì, àwọn tó ń bá èèyàn kó ẹrù jáde ní èbúté Àpápá, àti ẹni tó dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ tó jẹ́ pé òun náà ni ọ̀gá, òun náà ni mẹ́sẹ́ńjà. Lọ́dọ̀ gbogbo wọn, ìwé kì í sábà sọnù lórí tábìlì. Àárín ẹni tó kà á àti ẹni tó yẹ kó ṣiṣẹ́ lé e lórí ló ti máa ń sọnù. Akọ̀wé ti ka ìnfóísì, ó ti fi í sínú fáìlì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Akáǹtáńtì kò mọ̀ pé ó dé. Ọjọ́ ìsanwó kọjá, inú bí ẹni tó ta ọjà, kò kó ẹrù wá mọ́, kálukú wá ń ti ẹ̀bi sí ẹnì kejì lọ́rùn.

Oríṣi áàpù méjì wà tó lè dí àlàfo yìí bí a bá mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ń ka ìwé, ó sì ń yọ ohun tí a nílò jáde nínú rẹ̀: orúkọ, iye owó, ọjọ́, nọ́ńbà. Èkejì ń pín iṣẹ́ fún èèyàn, ó ń sọ ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí àti ibi tó dé dúró. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n á fi èèyàn jókòó sáàárín, kó máa wo ti apá ọ̀tún, kó máa tẹ̀ ẹ́ sínú ti apá òsì láti àárọ̀ di alẹ́. Lójú tèmi, ìwé tí ẹ̀rọ kà tí kò di iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tí a mọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí a dá fún un, a kò tíì kà á. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ẹ̀rọ tó ń ka ìwé ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1976, Ray Kurzweil, ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń ka ìwé sókè fún àwọn afọ́jú. Stevie Wonder, ìlúmọ̀ọ́ká olórin, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á. Ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Tesseract ní ìlú Bristol, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1985. Nígbà tó di 2005, wọ́n fi í sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, Google sì ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń wo àwòrán, ó ń sọ pé A rèé, 7 rèé. Kò mọ̀ bóyá 7 yẹn jẹ́ páálí méje tàbí ọjọ́ keje oṣù. Mímọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún ni iṣẹ́ tó le jù, òun sì ni àwọn áàpù bíi Docparser, Nanonets, Rossum ti ìlú Prague, Document AI ti Google, àti Amazon Textract tí wọ́n ṣí fún gbogbo èèyàn lọ́dún 2019, dojú kọ.

Àwọn áàpù tó ń pín iṣẹ́ náà ní orírun tiwọn. Ní ilé iṣẹ́ mọ́tò Toyota nílẹ̀ Japan, Taiichi Ohno àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí ara wọn pé ẹ̀yà mọ́tò báyìí ti ń tán lọ, kí wọ́n kó òmíràn wá. Kanban ni wọ́n ń pe ètò náà. Trello, tó ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Fog Creek jáde ní New York lọ́dún 2011, gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, ó sì rọrùn débi pé Atlassian fi mílíọ̀nù 425 dọ́là rà á lọ́dún 2017. Asana, Todoist àti ClickUp wà lẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà. N ó máa lo ọ̀rọ̀ náà káàdì láti ìsinsìnyí lọ fún iṣẹ́ kan tí a kọ sórí irú áàpù bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ilé ìwòsàn aládàáni kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ káàkiri Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, tó ní yàrá oògùn tirẹ̀. Ẹni tó ń kó oògùn fún wọn dé láàárọ̀ pẹ̀lú páálí mélòó kan àti ìnfóísì. Ẹ bá mi wo ìnfóísì náà dáadáa. Lókè, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ta oògùn, nọ́ńbà ìnfóísì àti ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni tábìlì tó ní ìlà méjìlá: orúkọ oògùn, iye páálí, nọ́ńbà batch (ìyẹn nọ́ńbà àwọn oògùn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀), ọjọ́ tí oògùn yóò kọjá ìlò, iye owó ẹyọ kan, àròpọ̀. Nísàlẹ̀, àpapọ̀ owó, nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì, àti gbólóhùn kan pé kí wọ́n san owó náà kí ọjọ́ 30 tó pé. Awakọ̀ ti fi báírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé páálí kan kù, òun ń mú un bọ̀ lọ́la. Sítáǹpù tí wọ́n lù lé e lórí sì ti bo nọ́ńbà méjì mọ́lẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo nìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ ka páálí kó fi wé ohun tí wọ́n kọ. Apòògùn gbọ́dọ̀ yẹ ọjọ́ ìlò oògùn wò lára páálí, àti nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà. Akáǹtáńtì gbọ́dọ̀ sanwó kí ọjọ́ 30 tó pé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá awakọ̀ tọpa páálí tó kù. Iṣẹ́ mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò ní í dé àfi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù: ẹnì kan gbọ́dọ̀ padà sórí pẹpẹ nígbà tí ọjọ́ oògùn bá ti ń sún mọ́ etílé, kó mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ jáde àti èyí tí yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Bí a bá kó gbogbo èyí lé ọpọlọ èèyàn, àfàìmọ̀ kí ọ̀kan má jábọ́.

Bí ìsopọ̀ ṣe ń lọ rèé. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ya fọ́tò ìnfóísì, ó fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì kan tí áàpù tó ń kàwé ń ṣọ́, tàbí kó jù ú sínú fódà kan lórí Google Drive. Áàpù náà kà á, ó to ohun tó rí sábẹ́ orúkọ wọn, ó sì pe áàpù kejì láti sọ fún un pé iṣẹ́ ti dé. Ìpè yẹn ni wọ́n ń pè ní webhook, orúkọ tí Jeff Lindsay fún un lọ́dún 2007. Bí áàpù méjèèjì kò bá gbọ́ èdè ara wọn, alárinà wà. Zapier, tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta dá sílẹ̀ ní Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri lọ́dún 2011, jẹ́ ọ̀kan. Make, tó ti ìlú Prague wá, jẹ́ òmíràn. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni n8n, tó bẹ̀rẹ̀ ní Berlin lọ́dún 2019, torí pé èèyàn lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà ti ara rẹ̀. Alárinà ń gbọ́ pé ìwé ti dé, ó ń wo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣí káàdì níbi tí a bá rán an.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni bí káàdì náà ṣe máa rí. Wọ́n á ní kí alárinà ṣí káàdì kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì. Ìnfóísì kan, káàdì méjìlá! Zapier ń ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe yọrí, dọ́là ló sì ń gbà, nítorí náà owó náà yóò gùn. Èyí tó burú ju owó lọ ni pé bí káàdì méjìlá bá já lu olùtọ́jú sítọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í wo ìkankan mọ́ tó bá yá. Ó sàn kí káàdì kan dúró fún iṣẹ́ ẹnì kan lórí ìnfóísì kan, kí oògùn méjèèjìlá wà nínú rẹ̀ bí àkọsílẹ̀ tí yóò máa fàmì sí bó ṣe ń ka páálí. Kí fọ́tò ìnfóísì gan-an lẹ̀ mọ́ káàdì, kó má baà di pé èèyàn ń wá ìwé kiri. Kí orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, orúkọ ẹnì kan pàtó; káàdì tí a kọ «ẹ̀ka oògùn» sí kò ní ẹni tó ni ín. Ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí kì í sì í ṣe ọjọ́ tó wà lórí ìwé. Bí ìwé bá ní ọjọ́ 30, kí alárinà ka ọjọ́ 25 láti ọjọ́ ìnfóísì fún káàdì akáǹtáńtì, kí àyè lè wà fún báǹkì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ bá dákú. Fún oògùn tí yóò kọjá ìlò, kí káàdì ti wà nílẹ̀ láti òní, kó fara pamọ́, kó wá yọjú nígbà tó bá ku oṣù mẹ́fà.

Àṣìṣe ẹ̀rọ ni mo fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí èèyàn ti lè wọ̀ ọ́.

Ẹ wo ọjọ́. Lórí páálí oògùn, wọ́n sábà máa ń kọ oṣù àti ọdún nìkan: 04/27, ìyẹn oṣù kẹrin ọdún 2027. Ẹ̀rọ tí a kò bá ṣàlàyé fún lè pè é ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún tí a wà nínú rẹ̀. Bí a bá kọ 03/04/2027, lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Áàpù tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Kò sí ariwo kankan tí yóò pa. Yóò ṣí káàdì rẹ̀ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ọjọ́ tí kò tọ̀nà. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ sọ fún áàpù láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa, ká sì fi òfin kan sí i: ọjọ́ ìlò oògùn tó bá ṣáájú ọjọ́ tí oògùn dé, tàbí tó bá jìnnà ju ọdún márùn-ún lọ, kí káàdì rẹ̀ dúró kí èèyàn wò ó.

Owó ní ìṣòro tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọrùn díẹ̀. Àwọn kan ń kọ ₦, àwọn kan ń kọ N, àwọn mìíràn ń kọ =N=, ẹ̀rọ sì lè kó àmì náà mọ́ nọ́ńbà. Ìṣirò ló ń tú àṣírí rẹ̀: iye páálí lọ́nà iye owó ẹyọ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ àròpọ̀ ìlà náà, gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ jẹ́ àpapọ̀ ìsàlẹ̀. Alárinà lè ṣe ìṣirò yìí kó tó ṣí káàdì.

Nọ́ńbà batch kò ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ka B sí 8, ó ka S sí 5, ó ka O sí òdo, kò sì sí ohun tí yóò ta ko ó. Lọ́jọ́ tí NAFDAC bá kéde pé oògùn báyìí tó ní nọ́ńbà batch báyìí jẹ́ ayédèrú, tàbí pé kí wọ́n kó o kúrò lórí pẹpẹ, ilé ìwòsàn yóò tẹ nọ́ńbà náà sínú àkọsílẹ̀ wọn, kọ̀ǹpútà yóò sọ pé kò sí níbí, oògùn náà á sì wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì á máa fún aláìsàn. Nítorí náà mo ń bẹ ẹ̀yin tó wà nídìí irú iṣẹ́ yìí: bó ti wù kí ẹ̀rọ náà mọ̀wé tó, kí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ wo nọ́ńbà batch lára páálí kó tó fàmì sí i.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tuntun. Bí sítáǹpù bá bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ yóò kọ ìdọ̀tí síbẹ̀, gbogbo èèyàn á sì rí i pé kò kà á. Àwọn áàpù òde òní tó ń lo ọpọlọ àtọwọ́dá lè fi nọ́ńbà tó mọ́ tónítóní dí àyè náà, nọ́ńbà tó jọ òótọ́, tí kò sì sí lórí ìwé rárá. Ẹ sọ fún un ní kedere pé ohun tí kò bá rí, kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Àyè òfìfo ni kó di káàdì fún èèyàn. Textract àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún máa ń fi máàkì sí ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kà (ti Textract jẹ́ láti òdo dé 100), láti sọ bó ṣe dá wọn lójú tó. Ẹ má ṣe wo máàkì gbogbo ìwé lápapọ̀. Ìwé lè gba 97 lápapọ̀ kí ọjọ́ ìlò oògùn nìkan gba 60. Máàkì ohun tó lè pa èèyàn lára tàbí tó lè gba owó lápò wa ni ká máa wò.

Ìwé kan náà lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀, ọ́fíìsì tó tà á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ímeèlì lọ́sàn-án, káàdì ìsanwó di méjì, ilé ìwòsàn san gbèsè kan lẹ́ẹ̀mejì. Kí alárinà tó ṣí káàdì, kó kọ́kọ́ wo bóyá ẹni tó ta ọjà yìí ti ní nọ́ńbà ìnfóísì yìí nílẹ̀. Kó má ṣe fi orúkọ nìkan wá a, torí pé ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Ọláolú lè di Olaolu lójú ẹ̀rọ tí kò mọ àmì wa. Ẹ fún oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ nínú ìwé yín, kí ẹ̀rọ máa lò ó.

Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ń kọ́? Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Gbájúẹ̀ kan lè ja ímeèlì oníṣòwò gbà, kó fi ìnfóísì ránṣẹ́ tó jọ ojúlówó ní gbogbo ọ̀nà àyàfi nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹ̀rọ wa yóò kà á láì ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, yóò sì fi nọ́ńbà olè sórí káàdì akáǹtáńtì. Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà àkáǹtì láti ojú ìnfóísì láéláé. Èyí tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti ń rajà lọ́wọ́ wọn ni kí ẹ lò. Bí ti ojú ìwé bá yàtọ̀ sí i, kí iṣẹ́ dúró, kí ẹnì kan pe oníṣòwò lórí fóònù tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lórí ìwé yẹn. Owó kò sì gbọdọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ lè gbé káàdì dé iwájú ọ̀gá. Ọ̀gá ni yóò fọwọ́ sí i.

Àwọn kan yóò bi mí pé, akọ̀wé tó ń tẹ̀wé tẹ́lẹ̀ ń kọ́? Èrò mi ni pé òun gan-an ló yẹ kí wọ́n fi ṣe alábòójútó ètò yìí. Òun ló mọ oníṣòwò tó máa ń kọ 1 bíi 7, òun ló mọ èyí tí ìnfóísì rẹ̀ kì í ní ọjọ́. Bó bá tún nǹkan ṣe lórí káàdì, kí àtúnṣe náà padà sínú àkọsílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti àkókò tó ṣe é. Ilé iṣẹ́ tó bá lé e lọ ti lé ìmọ̀ jáde. Kìkì pé kí ẹ ṣọ́ra kí àtúnṣe lórí káàdì má tún jí alárinà, kí alárinà má tún káàdì ṣe, kí káàdì má tún jí alárinà. Wọ́n lè máa yí báyìí mọ́jú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnfóísì, ẹ fi ìwé aláìsàn sílẹ̀ ná. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí ohun ẹlẹgẹ́. Fọ́tò káàdì aláìsàn tó bá gba inú áàpù ilẹ̀ òkèèrè kọjá ti kúrò lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹni tó bá fẹ́ kà á pẹ̀lú ẹ̀rọ dandan, kó gbé Tesseract àti n8n sórí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kó sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ agbẹjọ́rò.

Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó àwọn ìnfóísì àtijọ́ jọ, àwọn tí ẹ ti san, tí ẹ mọ ìdáhùn wọn. Ẹ mú èyí tó mọ́, ẹ mú èyí tí òjò pa, ẹ mú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kà wọ́n, kí ẹ fi ohun tó kà wé òótọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ àti nọ́ńbà batch ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí alárinà ṣí káàdì kan ní gbogbo àárọ̀ fún alábòójútó, tí yóò sọ iye ìwé tó wọlé lánàá àti iye ìwé tó di iṣẹ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tàbí tí owó áàpù bá tán láàárín òru, iye méjèèjì kò ní í dọ́gba, alábòójútó á sì mọ ìwé tó yẹ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá.